Ibo ni Iṣẹ́ Náà Gbà Lọ? Ọ̀rọ̀ Àsọyé fún Òṣìṣẹ́ Ọ́fíìsì lórí Ìrànwọ́ TAA ní Amẹ́ríkà

Ẹ̀yin èèyàn wa, mo kí yín o.

Nígbà tí wọ́n bá gba káàdì ìwọlé lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì, tí wọ́n ní kó kó ẹrù rẹ̀ sínú páálí kó máa lọ sílé, ohun tó máa ń rò ni pé ìjọba yóò bi òun pé irú iṣẹ́ wo lòun ń ṣe. Òfin tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí yìí kì í bẹ̀rẹ̀ látibẹ̀. Ìbéèrè méjì ló máa ń kọ́kọ́ béèrè: kí ni iléeṣẹ́ yín ń tà, àti pé ibo ni iṣẹ́ náà gbà lọ? Ẹni tó mọ ìdáhùn méjèèjì, tó sì ní ẹ̀rí rẹ̀ lọ́wọ́, ló mọ ibi tí ọ̀rọ̀ òun já sí.

Trade Adjustment Assistance ni orúkọ ètò náà, TAA ni wọ́n ń gé e kúrú sí. Owó ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ni, àjọ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló sì ń pín in fún ará ìpínlẹ̀ rẹ̀. Èrò tó bí i kò ṣòro: bí ìjọba bá ṣí ẹnubodè sílẹ̀ fún ọjà ilẹ̀ òkèèrè, ará ìlú á rí ọjà tó dínwó rà, ṣùgbọ́n àwọn kan wà tó jẹ́ pé oúnjẹ òòjọ́ wọn ló gba ẹnubodè náà jáde. Ó yẹ kí ìlú tó jàǹfààní ran àwọn yẹn lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ èyí tó korò jù, kí ẹnikẹ́ni má baà gbé ìrètí rẹ̀ lé orí òfo. Láti ọjọ́ 1 oṣù Keje ọdún 2022, Iléeṣẹ́ Ọ̀rọ̀ Òṣìṣẹ́ (Department of Labor) ní Washington kò láṣẹ mọ́ láti fọwọ́ sí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tuntun kankan, ìyẹn àwọn òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ kan tí ìwé ẹ̀bẹ̀ kan náà kó pọ̀, nítorí Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì kò sọ òfin náà dọ̀tun. Ẹni tó ṣì lè jẹ nínú ètò náà ni ẹni tí wọ́n ti fọwọ́ sí ẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀, tí iṣẹ́ sì ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó di ìparí oṣù Kẹfà ọdún 2022. Ṣùgbọ́n òfin yìí ti kú rí, ó sì ti jí. Ẹ̀ẹ̀mejì ló jí tó sì na ọwọ́ sẹ́yìn mú àwọn tí wọ́n ti lé lẹ́nu ọ̀nà. Èyí ló fà á tí mo fi ń bẹ̀ yín pé kí ẹ mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nígbà tí ilẹ̀kùn rẹ̀ bá ṣí, kí ẹ sì tọ́jú ìwé yín.

Ọdún 1962 ni wọ́n kọ́kọ́ kọ ọ́ sínú òfin, nígbà ìjọba Kennedy. Wọ́n mú ẹnu ọ̀nà rẹ̀ há tó bẹ́ẹ̀ tí wọn ò fi rí òṣìṣẹ́ kan fọwọ́ sí títí di ọdún 1969. Òfin ọdún 1974 ló dẹ ẹnu ọ̀nà náà díẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo wà nínú rẹ̀ tó di òkúta ìdìgbòlù fún ẹni tó ń jókòó nídìí kọ̀ǹpútà. Ọ̀rọ̀ náà ni "article". Iléeṣẹ́ òṣìṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ máa mú ọjà kan jáde. Ẹni tó ń rán bàtà, ọ̀ràn rẹ̀ dájú. Ẹni tó ń rọ irin mọ́tò, tirẹ̀ náà dájú. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń dáhùn fóònù oníbàárà, ẹni tó ń ṣètò ìwé owó ilé ìwòsàn, ẹni tó ń kọ software, ọjà wo ló mú jáde?

Ẹjọ́ kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́. Ní East Hartford, ìpínlẹ̀ Connecticut, àwọn òṣìṣẹ́ Computer Sciences Corporation kan ń kọ software tí àwọn iléeṣẹ́ adójútòfò ń lò. Iṣẹ́ náà kọjá sí Íńdíà, wọ́n sì ní kí àwọn èèyàn wọ̀nyí máa lọ. Nígbà tí wọ́n bẹ̀bẹ̀ fún TAA, ìdáhùn ìjọba ni pé software tí wọn ò kó sórí ohun tí a lè fọwọ́ bà kì í ṣe ọjà. Ẹ gbọ́ ohun tí èyí túmọ̀ sí: bí wọ́n bá kó software kan sórí disk, tí wọ́n dì í sínú páálí, ọjà ni. Bí software yẹn kan náà bá gba orí íntánẹ́ẹ̀tì dé ọ̀dọ̀ ẹni tó rà á, ó ti kúrò ní ọjà. Òṣìṣẹ́ kan náà, iṣẹ́ kan náà, ìlú kan náà ni iṣẹ́ lọ, disk nìkan ló yà wọ́n. Àwọn òṣìṣẹ́ náà kò gbà. Wọ́n gbé ọ̀rọ̀ lọ sí Court of International Trade, ilé ẹjọ́ tó ń gbọ́ irú ẹjọ́ báyìí ní New York, ilé ẹjọ́ sì dá ọ̀rọ̀ padà pé kí ìjọba tún un yẹ̀ wò. Ní ọdún 2006, Iléeṣẹ́ Ọ̀rọ̀ Òṣìṣẹ́ yí ìlànà padà: software àti ohun tó jọ ọ́, tí ì bá jẹ́ ọjà ká ní orí disk ló wà, ọjà ni, ọ̀nà yòówù kó gbà dé ọwọ́ oníbàárà.

Síbẹ̀, ẹni tó ń dáhùn fóònù kò tíì rí ọ̀nà wọlé. Òfin oṣù Kejì ọdún 2009 ló mú iṣẹ́ tí kì í ṣe ọjà wọ inú ètò náà, fún ìwé ẹ̀bẹ̀ tó wọlé láti ọjọ́ 18 oṣù Karùn-ún ọdún yẹn. Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ ti wá di àwọ́lé-àwọ́de. Ní oṣù Kejì ọdún 2011 ó kásẹ̀ ńlẹ̀. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2011 wọ́n dá a padà. Nígbà tí ọdún 2014 bẹ̀rẹ̀, wọ́n tún ti òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì síta. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹfà ọdún 2015, òfin tuntun tún gbà wọ́n wọlé, ó sì di ìparí oṣù Kẹfà ọdún 2021. Ọdún kan tó tẹ̀ lé e, oníṣẹ́ ọjà nìkan ni. Lẹ́yìn náà, ilẹ̀kùn tì pátápátá.

Nígbà tí òfin padà ní ọdún 2011 àti 2015, ìjọba tún ìwé ẹ̀bẹ̀ àwọn tí wọ́n ti kọ̀ lásìkò tí òfin kò sí gbé yẹ̀ wò lábẹ́ òfin tuntun. Ẹni tó ti kọ ìwé, tí wọ́n sì dá a padà pé iléeṣẹ́ rẹ̀ kì í mú ọjà jáde, rí i pé ìwé rẹ̀ ṣì wà láàyè. Ẹni tó rò pé kò wúlò, tí kò kọ ohunkóhun, kò ní ohun tí wọ́n máa tún wò. Mi ò lè sọ fún yín pé Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì á tún ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé wọ́n ti ṣe é lẹ́ẹ̀mejì.

Ó wá ku àwọn tó jókòó sí ọ́fíìsì iléeṣẹ́ tó ń ṣe ọjà: akọ̀wé, oníṣirò owó, ẹni tó ń gba ọjà tí oníbàárà fẹ́ rà sílẹ̀. Àwọn wọ̀nyí kò nílò òfin ọdún 2009 kí wọ́n tó wọlé. Bí iṣẹ́ wọn bá ń ran àwọn tó ń ṣe ọjà náà lọ́wọ́, tí wọ́n sì wà nínú ẹ̀ka tí ìwé ìfọwọ́sí dárúkọ, ó kàn wọ́n gẹ́gẹ́ bó ṣe kan ẹni tó dúró nídìí ẹ̀rọ. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í bèèrè, wọ́n máa ń rò pé ti àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ni. Bí iléeṣẹ́ yín bá ní ìfọwọ́sí àtijọ́, ẹ má ṣe rò bẹ́ẹ̀.

Ìdí tí iṣẹ́ fi lọ ló ń ba ìwé ẹ̀bẹ̀ jẹ́ jù lọ. Ọ̀nà mẹ́ta ló wọ́pọ̀ nínú òfin. Àkọ́kọ́, ọjà tàbí iṣẹ́ tó jọ tiyín ń wọlé láti òkèèrè ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, títà iléeṣẹ́ yín sì ń dínkù. Èkejì, èyí tó wọ́pọ̀ jù fún ọ́fíìsì: iléeṣẹ́ yín fúnra rẹ̀ gbé iṣẹ́ náà lọ sí orílẹ̀-èdè mìíràn, tàbí ó bẹ̀rẹ̀ sí í rà á lọ́wọ́ àwọn tó wà níbẹ̀. Ẹ̀kẹta, iléeṣẹ́ yín ń pèsè nǹkan fún iléeṣẹ́ mìíràn tí wọ́n ti fọwọ́ sí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀: bí oníbàárà yẹn bá kó ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí ẹ ń tà, tàbí tí pípàdánù rẹ̀ bá kó ipa pàtàkì nínú bí iṣẹ́ ṣe bọ́ lọ́wọ́ yín, ọ̀nà ti là.

Bí wọ́n bá fi ẹlòmíràn tó wá láti òkèèrè pẹ̀lú físà iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní H-1B jókòó sí àga rẹ ní Dallas níbẹ̀, iṣẹ́ kò kúrò ní Amẹ́ríkà, TAA kò kàn ọ́, bó ti wù kó dùn ọ́ tó. Bí ẹ̀rọ bá gba iṣẹ́ náà, kò kàn ọ́. Bí iléeṣẹ́ Amẹ́ríkà mìíràn bá gba kọ́ńtíráàtì mọ́ iléeṣẹ́ yín lọ́wọ́, kò kàn ọ́. Bí iléeṣẹ́ méjì bá di ọ̀kan, tí wọ́n wá ní àwọn ò nílò oníṣirò owó ọ̀nà méjì mọ́, kò kàn ọ́. Ṣùgbọ́n ìdí méjì sábà máa ń dà pọ̀, ibẹ̀ sì ni àwọn èèyàn ti máa ń sọ̀rètí nù kí ó tó yẹ. Òfin kò ní kí òkèèrè jẹ́ ìdí kan ṣoṣo, kò tilẹ̀ ní kó jẹ́ ìdí tó tóbi jù. Ìdí tó ṣe pàtàkì ló ní kó jẹ́, bí ìdí mìíràn tilẹ̀ wà tó bá a dọ́gba tàbí tó jù ú lọ. Bí ẹ̀rọ bá gba àga 10, tí Manila ní orílẹ̀-èdè Philippines gba 15, kò sí ìdí tí ẹ fi máa fi ti Manila pa mọ́ sábẹ́ ti ẹ̀rọ.

Ẹ wo bó ṣe máa ń rí ní ọ́fíìsì. Ẹ̀ka tó ń yẹ ìwé ìbéèrè owó adójútòfò wò, èèyàn 22. Ọ̀gá ní kí olúkúlùkù kọ iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ láti ìgbésẹ̀ kan dé èkejì, bọ́tìnì tí à ń tẹ̀, ohun tí à ń ṣe bí nọ́mbà oníbàárà kò bá bára mu. Ọ̀sẹ̀ kejì, ìpàdé orí fídíò ti wà lórí kàlẹ́ńdà ní aago 9 alẹ́, nítorí aago 9 alẹ́ ní Baltimore nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn jẹ́ aago 9 òwúrọ̀ ní Manila. Ẹnìkan ń wo ojú kọ̀ǹpútà rẹ láti òdìkejì, ó ń bèèrè ìdí tí o fi tẹ ibí tí o kò tẹ ọ̀hún. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, lẹ́tà dé: "àtúntò iléeṣẹ́". Kò sí orúkọ ìlú òkèèrè kankan nínú lẹ́tà náà. Kàlẹ́ńdà yẹn ni ẹ̀rí, lẹ́tà kọ́.

Nítorí náà, nígbà tí ẹ ṣì wà lórí àga, ẹ ra ìwé kékeré kan, kí ẹ máa fi ọwọ́ kọ ọ́: ọjọ́ tí wọ́n ní kí ẹ kọ́ àwọn kan níṣẹ́, orílẹ̀-èdè tí wọ́n wà, orúkọ ẹ̀ka yín gẹ́lẹ́ bí HR, ẹ̀ka tó ń bójú tó òṣìṣẹ́, ṣe ń kọ ọ́, iye èèyàn tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ àti iye tó kù, orúkọ iléeṣẹ́ tó ń san owó oṣù yín bó ṣe wà lórí W-2, ìwé owó orí tí iléeṣẹ́ ń fún yín lọ́dọọdún. Ẹ má ṣe fi fáìlì iléeṣẹ́ tàbí orúkọ oníbàárà ránṣẹ́ sí ímeèlì ara yín, ìyẹn lè sọ ẹni tí wọ́n ní kó máa lọ di ẹni tí wọ́n lé fún ẹ̀ṣẹ̀, ó sì lè ba owó unemployment rẹ̀ jẹ́, ìyẹn owó tí wọ́n ń san fún ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tí ẹ fojú rí tí ẹ kọ sílẹ̀ ti tó, nítorí ìjọba ló ní agbára láti béèrè ìwé lọ́wọ́ iléeṣẹ́.

Ẹgbẹ́ ni wọ́n ń fọwọ́ sí, wọn kì í fọwọ́ sí ẹnìkan ṣoṣo. Àwọn òṣìṣẹ́ fúnra wọn lè fọwọ́ sí ìwé ẹ̀bẹ̀, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ (union) lè kọ ọ́, aláṣẹ iléeṣẹ́ lè kọ ọ́, àjọ ìpínlẹ̀ náà lè kọ ọ́. Kò pọn dandan kí ẹ gba àṣẹ ọ̀gá. Ó tún níye èèyàn tí iṣẹ́ gbọ́dọ̀ bọ́ lọ́wọ́ wọn, tàbí tó wà nínú ewu rẹ̀. Bí òṣìṣẹ́ kò bá tó 50, èèyàn díẹ̀ ti tó. Bí wọ́n bá tó 50 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún tàbí èèyàn 50, èyí tó bá kéré jù. Ọ́fíìsì èèyàn 60, ìdá 5 jẹ́ 3. Ọ́fíìsì èèyàn 1,400, ìdá 5 jẹ́ 70, ṣùgbọ́n 50 ló kéré jù, 50 ti tó.

Ọjọ́ tún ṣe pàtàkì. Ìfọwọ́sí kì í kan ẹni tí iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ju ọdún kan lọ ṣáájú ọjọ́ tó wà lórí ìwé ẹ̀bẹ̀. Bí wọ́n bá kọ́kọ́ lé èèyàn 8 ní oṣù Kẹta, tí àwọn yòókù sì jókòó wò títí di oṣù Karùn-ún ọdún kejì kí wọ́n tó kọ ìwé, àwọn 8 yẹn ti ṣubú síta. Bí ìfọwọ́sí bá ti jáde, ọdún méjì ni gbogboogbò fún àwọn tí wọ́n bá tún lé lẹ́yìn náà.

Lẹ́yìn tí ìwé bá wọlé, ọjọ́ 40 ni òfin fún ìjọba láti ṣèwádìí. Wọ́n á fi ìbéèrè ránṣẹ́ sí iléeṣẹ́, ibẹ̀ ni nǹkan ti máa ń wọ́. Ẹni tó ń dáhùn ní orí iléeṣẹ́ lè má mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ẹ̀ka yín, ó lè kọ pé "a kò gbé iṣẹ́ lọ sí òkèèrè" nítorí pé agbaṣẹ́ṣe ló gbé e lọ. Bí ìwé ẹ̀bẹ̀ yín bá ti ṣàlàyé agbaṣẹ́ṣe náà, ìbéèrè kejì á tọ̀ ọ́ lọ. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ àwọn tí iléeṣẹ́ mìíràn rán wá ṣiṣẹ́ níbẹ̀: bí ọ̀gá tí wọ́n jókòó sí ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ń darí iṣẹ́ wọn lójoojúmọ́, wọ́n lè wà nínú ẹgbẹ́, ṣùgbọ́n ó yẹ kí ẹ dárúkọ iléeṣẹ́ tó rán wọn wá. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ láti ilé ní ìpínlẹ̀ mìíràn náà wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, ọ́fíìsì tó ń jíhìn fún ló kà.

Bí wọ́n bá kọ̀, kò tíì parí. Ọjọ́ 30 ni ẹ ní láti ní kí wọ́n tún un wò, ọjọ́ 60 láti gbé e lọ sí Court of International Trade, láti ìgbà tí ìkéde bá ti jáde nínú Federal Register, ìwé ìkéde ìjọba àpapọ̀. Ẹ̀bẹ̀ lásán kò tó, ẹ tọ́ka sí ohun tí wọ́n gbójú fò.

Ìfọwọ́sí ẹgbẹ́ kọ́ ló ń fi owó sí àpò. Olúkúlùkù á tún lọ bẹ̀bẹ̀ ní ìpínlẹ̀ rẹ̀. Fún owó ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ń pè ní TRA, ó gbọ́dọ̀ ti ṣiṣẹ́ ọ̀sẹ̀ 26 nínú 52 tó ṣáájú, ní owó tó tó $30 lọ́sẹ̀, kó sì ti lo owó unemployment rẹ̀ tán. Lábẹ́ òfin 2015, ó tún gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ iṣẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ 26 lẹ́yìn ìfọwọ́sí tàbí lẹ́yìn tí iṣẹ́ bọ́, èyí tó bá pẹ́ jù, àfi bí wọ́n bá fún un ní ìwé ìyọ̀ǹda. Gbèdéke yẹn ló ti gba owó lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn tó yẹ kó rí i gbà. Ẹni tó ń dúró kó rí iṣẹ́ ná, tó ní òun ò fẹ́ padà sí kíláàsì, á jí lọ́jọ́ kan, ọ̀sẹ̀ 26 á ti lọ. Ẹni tó bá bá a dé òpin, owó unemployment àti TRA rẹ̀ lápapọ̀ lè tó ọ̀sẹ̀ 130.

Àgbà tó ti pé 50 ọdún tún ní ọ̀nà mìíràn. Bó bá rí iṣẹ́ tuntun tí owó rẹ̀ kò ju $50,000 lọ́dún lọ, ìjọba á fi ìdajì ìyàtọ̀ tó wà láàárín owó àtijọ́ àti tuntun kún un, kò ní ju ọdún méjì àti $10,000 lápapọ̀ lọ. Màmá kan tó ń gba $46,000 tẹ́lẹ̀, tó wá ń gba $34,000: ìyàtọ̀ $12,000, ìdajì $6,000 lọ́dún. Ọdún méjì ì bá jẹ́ $12,000, ṣùgbọ́n wọ́n á dá a dúró ní $10,000.

Ní báyìí, ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó di oṣù Keje 2022, kó wá orúkọ iléeṣẹ́ rẹ̀ lórí ìkànnì Iléeṣẹ́ Ọ̀rọ̀ Òṣìṣẹ́. Nọ́mbà ìfọwọ́sí kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú TA-W. Kó wo ìlú, ẹ̀ka àti ọjọ́ tó wà níbẹ̀, kó mú nọ́mbà náà lọ sí American Job Center, ọ́fíìsì tí ìjọba ti ń ran àwọn tó ń wá iṣẹ́ lọ́wọ́. Àsìkò owó TRA ti lè kọjá, ṣùgbọ́n kó ṣì bèèrè nípa ẹ̀kọ́ iṣẹ́, aago kan náà kọ́ ló ń kà wọ́n. Bí ìpínlẹ̀ bá kọ̀, ọ̀nà tí wọ́n fi ń pe ẹjọ́ unemployment ni wọ́n fi ń pe tirẹ̀ náà.

Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, kò ní TAA, ṣùgbọ́n kó má jókòó sílé. Kó béèrè unemployment lọ́sẹ̀ tí iṣẹ́ bọ́ gan-an. Kó lọ sí American Job Center, kó sọ pé ẹ̀ka "dislocated worker", ìyẹn ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ láìjẹ́ ẹ̀bi rẹ̀, ti WIOA, òfin ìjọba àpapọ̀ lórí ẹ̀kọ́ iṣẹ́, lòun wá fún. Níbẹ̀ wọn kò bèèrè bóyá Íńdíà ni iṣẹ́ lọ tàbí ẹ̀rọ ló gbà á, wọ́n sì lè san owó ẹ̀kọ́ iṣẹ́. Ọjọ́ 60 ni ó ní láti pinnu lórí COBRA, ìyẹn bó ṣe lè máa fi owó ara rẹ̀ bá adójútòfò ìlera iléeṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ẹ̀dínwó owó orí tí TAA fi ń ràn wọ́n lọ́wọ́ lórí ìlera ti parí láti òpin ọdún 2021. Bí iléeṣẹ́ náà bá ní òṣìṣẹ́ 100 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí wọ́n sì ti ibi iṣẹ́ kan pa, tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ èèyàn 50 níbẹ̀ láìfún wọn ní ìkìlọ̀ ọjọ́ 60, WARN, òfin ìjọba àpapọ̀ lórí ìkìlọ̀ ṣáájú, lè gba owó oṣù ọjọ́ wọ̀nyẹn fún wọn. Ní New York, ìkìlọ̀ ọjọ́ 90 ni òfin ìpínlẹ̀ ń béèrè. Kó ka ọjọ́ tó wà lórí lẹ́tà ìkìlọ̀ títí dé ọjọ́ iṣẹ́ tó kẹ́yìn, kó sì kọ iye rẹ̀ sínú ìwé kékeré yẹn.